Erè mi jẹun lálẹ́ àná!

Ọ̀sẹ̀ 7 gbáko ni erè mi, ball python, fi kọ oúnjẹ. Bí mo bá gbé eku síwájú rẹ̀, á kàn ká jọ rogodo, á fi orí pamọ́ sáàárín. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Mo ń wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò rù, ìyẹn nìkan ló ń tù mí nínú.

Ìgbà tí mo yẹ àpótí rẹ̀ wò dáadáa, ibi tó yẹ kó gbóná tó 32°C kò ju 27 lọ! Òtútù kì í sì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú ejò. Mo tún ooru rẹ̀ ṣe, mo fi ibi ìsápamọ́ kan kún un, n ò sì fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ 5.

Lálẹ́ àná, mo fi omi gbígbóná mú òkú eku lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo fi ẹ̀mú nà án sí i. Ó yọrí díẹ̀díẹ̀, ahọ́n rẹ̀ ń yọ, ń wọlé, ó dúró jẹ́ẹ́... Fìà! Ó ti wé mọ́ ọn. N ò lè mí títí ó fi gbé e mì tán. Omijé bọ́ lójú mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin erè, ṣé tiyín náà ti kọ oúnjẹ pẹ́ tó báyìí rí?