Ẹ má sáré sọ pé "mo jẹ̀bi": ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí takisí l'Adó-Èkìtì

Mo gbé èrò pẹ́ láàárín Ìjigbò sí Bàṣírí kí wọ́n tó fi mí ṣe akọ̀wé páàkì. Látìgbà náà ni mo ti ń tẹ̀ lé àwọn awakọ̀ wa lọ sí kóòtù. Ohun tí mo rí ni pé "mo jẹ̀bi, ẹ ṣàánú mi" tí a máa ń sọ ká lè tètè padà sójú ọ̀nà ló ń gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ wa ju ẹ̀ṣẹ̀ gan-an lọ.

Ẹ ó sanwó ìtanràn, ẹ ó rò pé ó parí. Kò parí o! Lọ́dọ̀ àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀. Tí àpapọ̀ máàkì yín bá pé 10 sí 14, ìkìlọ̀ ni. 15 sí 20, wọ́n á dá láísẹ́ǹsì yín dúró fúngbà díẹ̀. Tó bá di 21 sókè, wọ́n á gbà á pátá. Ẹni tó bá sì ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, lọ́yà tó máa bá a pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn máa làágùn gan-an. (Tẹ́ ẹ bá jẹ̀bi lóòótọ́, ẹ sọ ọ́. Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni purọ́.)

Mo rántí ọmọkùnrin kan níwájú kóòtù alágbèéká. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ka ẹ̀sùn rẹ̀, òun kàn ń mi orí ni. Mo yọ́ sọ fún un pé kó là á mọ́lẹ̀ fún wọn. Ó ní, "Olúwa mi, ẹ máà bínú, mi ò gbọ́ èèbó." Ọ̀rọ̀ yí padà lójú ẹsẹ̀, wọ́n wá ògbufọ̀. Kì í ṣe àánú ni wọ́n ṣe é: abala 36 ìwé òfin 1999 ló ní ẹni tí kò bá gbọ́ èdè kóòtù gbọ́dọ̀ rí ògbufọ̀ láìsan kọ́bọ̀. Abala yẹn kan náà ló ní kí wọ́n ka ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sí aláìjẹ̀bi títí wọ́n á fi fìdí ẹ̀sùn múlẹ̀.

Tí ìdájọ́ bá ti wáyé, ẹ lọ béèrè ẹ̀dà rẹ̀; ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti rí i gbà láàárín ọjọ́ 7. Ìwé yẹn ni lọ́yà máa fi ṣiṣẹ́. Kòtẹ́milọ́rùn ní gbèdéke, ẹ má fi ọjọ́ tàfàlà. Bí ẹjọ́ ọ̀daràn bá ti ilé ẹjọ́ gíga dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, tó ní ẹ̀ka l'Adó níbí, ọjọ́ 90 péré ni.

Àwọn kan á ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ta ló fẹ́ bá ìjọba ṣọ̀rẹ́?

Èyí tó máa ń kó àwọn awakọ̀ wa sí wàhálà ni pé wọ́n rò pé tí ìwé kòtẹ́milọ́rùn bá ti wọlé, ọkọ̀ ti ṣeé wà. Rárá. Lọ́tọ̀ lẹ máa bẹ kóòtù kó dá ìdájọ́ dúró ná. Kó tó fọwọ́ sí i, ẹ sọ fún ọlọ́kọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kó wá ẹlòmíì tó máa wà á, kẹ́ ẹ sì jọ fẹnu kò níwájú ẹlẹ́rìí pé ọkọ̀ ń bọ̀ wá bá yín.