Àbẹ́là Kejì

Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ Àìkú, 7 oṣù Kejìlá 2025

Àbẹ́là méjì nínú mẹ́rin tó wà lórí òṣùká ewé Ádífẹ́ntì ló jó níwájú pẹpẹ láàárọ̀ yìí. Ádífẹ́ntì ni àkókò Bíbọ̀ Olúwa, ọjọ́ Àìkú mẹ́rin ṣáájú Kérésì, a sì ń tan àbẹ́là kan kún ti tẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan. Èkínní ti kúrú ju èkejì lọ, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bí ìsìn bá ń gba wákàtí méjì, èkínní á ti jó wákàtí mẹ́jọ kí Ádífẹ́ntì tó parí, èkejì mẹ́fà, ẹ̀kẹta mẹ́rin, ẹ̀kẹrin méjì péré. Ìyẹn ni àbẹ́là tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń tàn nílé bí iná bá lọ kò ṣe lè bá wa dé Kérésì. Èyí tó ki bí ọrùn ọwọ́ ọmọdé ni kí ẹ rà.

Mẹ́ta nínú àbẹ́là mẹ́rin náà jẹ́ elésè àlùkò. Ẹ̀kẹta tó wà fún ọ̀sẹ̀ ayọ̀ ló pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ẹ ò bá rí aláwọ̀ rà, ẹ so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ìdí funfun, kó jìnnà sí iná. Àbẹ́là funfun tó wà láàárín òṣùká, ó di Kérésì ká tó tàn án.

Johann Wichern, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní Hamburg, ló bẹ̀rẹ̀ àṣà yìí ní Jámánì lọ́dún 1839. Ewé igi tí òtútù kì í pa ni wọ́n wá ń lò lọ́hùn-ún. Imọ̀ ọ̀pẹ ni tiwa, tí a yí po bí òṣùká, ọyẹ́ kì í sì í bá a ṣeré. Imọ̀ tó tútù yọ̀yọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, kó tó di Ọjọ́bọ̀ á ti máa dún wárawàra lọ́wọ́, iná kékeré ló sì ń wá. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta, ẹ wọ́n omi sí i. Ẹ ri àbẹ́là kọ̀ọ̀kan mọ́ inú agolo mílíkì tó kún fún iyanrìn tútù, kí ewé má sì ga ju ẹnu agolo lọ. Ẹ má gbé e sábẹ́ fáànù: ọ̀rá á máa ṣàn sápá kan, àbẹ́là á tẹ̀, á wó.

Gígùn Ádífẹ́ntì kì í dọ́gba lọ́dọọdún. Lọ́dún 2022, ọjọ́ 28 ni. Lọ́dún 2023, ọjọ́ 22, torí ọjọ́ Àìkú kẹrin bọ́ sí 24 oṣù Kejìlá gan-an.

Ohun tó ń dùn mí jù ni àdúrà ọjọ́ Àìkú kìn-ín-ní, èyí tó ní kí a bọ́ iṣẹ́ òkùnkùn sílẹ̀, kí a gbé ìhámọ́ra ìmọ́lẹ̀ wọ̀. Ìwé Àdúrà wa ní kí a máa tún un gbà lójoojúmọ́ títí di ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì. Ọ̀pọ̀ ìjọ ti pa á tì láti ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ̀yin olórí akọrin, mo mọ̀ pé ìgbéyàwó àti ìkórè ti gba oṣù yìí, àwọn ará Èkó sì ti ń wálé. Síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orin ìbí Jésù sílẹ̀ ná. Orin Bíbọ̀ Olúwa pọ̀ nínú ìwé orin tí ìjọ ò tíì mọ ohùn rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹnìkan dúró ti ọmọ tó máa tanná. Èkínní ni kó kọ́kọ́ tàn, lẹ́yìn náà èkejì, kó tó kan aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Ojú àwọn ọmọ máa ń yára lọ sí èyí tó yàtọ̀.