Máàpù kì í ka òkú: bí a ṣe ń wọn ogun àgbàpadà

Nídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Kútọ̀ àti ní Ìbarà, bí àríyànjiyàn ogun bá ti gbóná, fóònù ni wọ́n ń yọ. Ẹnì kan á ṣí máàpù tí wọ́n kùn ní pupa àti búlúù, á ní, "Ẹ wò ó, wọ́n ti wọlé." Ẹlòmíì á na ìka sí i: "Níbo? Ibi tí kò tó èékánná yìí?" Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó wọn nǹkan kan nínú wọn. Ọ̀dà orí máàpù kò lè sọ ju ibi tí ẹsẹ̀ dé lọ. Kò sọ ohun tí wọ́n ń wá lọ síbẹ̀, kò sì sọ iye ẹni tí kò padà bọ̀.

Ohun tí mo ń pè ní ogun àgbàpadà nìyí: kí ẹni tí wọ́n ti gba ilẹ̀ rẹ̀ mí díẹ̀, kó kó ọmọ ogun àti ọta jọ, kó wá yíjú padà lọ gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ẹni tó ti jókòó lé e. Ibi tí wàhálà wà ni "tó ti jókòó lé e" yẹn. Ẹni tó jókòó ti gbẹ́ yàrà. Ọmọ Ẹ̀gbá ò nílò àlàyé gígùn lórí ìyẹn: odi àti yàrà ìlú yìí wà lára ohun tó fọ́ ogun Dàhòmì lójú lọ́jọ́ 3 oṣù kẹta 1851, níhà bodè Aro, bó tilẹ̀ jẹ́ pé akíkanjú paraku ni àwọn obìnrin tó wà nínú ogun náà.

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n ń lọ kí ẹ tó wọn ibi tí wọ́n dé. Ogun àgbàpadà tí Ukraine gbé ko Rọ́ṣíà ní 2023 bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà. Ọ̀nà tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ ni èyí tó ti Orikhiv lọ sí Tokmak, tó sì kọjá sí Melitopol, kí wọ́n lè gé ọ̀nà orí ilẹ̀ tí Rọ́ṣíà ń gbà kó ẹrù lọ sí Crimea, ilẹ̀ etí òkun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹyẹ bá fò ó, Orikhiv sí Melitopol tó nǹkan bíi kìlómítà 85. Ó gùn díẹ̀ ju Abẹ́òkúta sí Lagos Island lọ. Ní ìparí oṣù kẹjọ, Ukraine kéde pé Robotyne ti bọ́ sí òun lọ́wọ́. Orikhiv sí Robotyne kò ju nǹkan bíi kìlómítà 14 lọ, bí ẹni tó ti Kútọ̀ lọ sí FUNAAB. Ojú ogun gan-an sì ti wà níwájú Orikhiv kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ilẹ̀ tí wọ́n fẹsẹ̀ gbà kò tó ìyẹn pàápàá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà wọ́n lóṣù mẹ́ta.

Ẹni tó bá fi rúlà wọ̀n ọ́n á ní òfo ni. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ tán, nítorí pé kìlómítà kò dọ́gba. Oríta ojú irin ni Tokmak. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Làfẹ́nwá mọ ohun tí rélùwéè ń ṣe fún ìlú. Lójú ogun, òun ló ń gbé ọta, epo àti oúnjẹ tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àjàgbé ò lè gbé tán. Robotyne sí Tokmak tó nǹkan bíi kìlómítà 23. Àgbá mìlímítà 155 tí Ukraine ń lò ń jù tó kìlómítà 24 sí 30, ó kù sí irú ọta tí wọ́n bá kì í. Ó dà bíi pé ó ti dé, àbí? Kò tíì dé. Àgbá kì í jókòó síwájú. Ẹ̀yìn ojú ogun ló ń wà, kìlómítà bíi márùn-ún sí mẹ́wàá, kí ọ̀tá má bàa rí i fọ́. Nítorí náà, wọ́n ṣì nílò bíi kìlómítà mẹ́wàá sí i kí ojú irin yẹn tó bọ́ sábẹ́ àgbá lójoojúmọ́. Kìlómítà mẹ́wàá yẹn ì bá níyì ju àádọ́ta pápá òfìfo níbòmíràn lọ. Òun ni wọn ò rí gbà. Ìdí tí mo fi ń sọ pé ogun náà kùnà nìyẹn, kì í ṣe nítorí pé Robotyne kéré.

Ẹ fi wé oṣù kẹsàn-án 2022 ní agbègbè Kharkiv. Láàárín ọjọ́ 6 sí 10, ìlú Balakliia, Kupiansk àti Izium bọ́ sọ́wọ́ Ukraine. Ọmọ ogun Rọ́ṣíà tó wà níbẹ̀ kò pọ̀, Kupiansk sì ni rélùwéè ti ń pín. Nígbà tí Kupiansk bọ́, Izium dà bí ìkòkò tí wọ́n yọ ààrò kan lábẹ́ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sún mọ́ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà. Ìlànà Rọ́ṣíà tẹ́lẹ̀ ni pé kí pápá àdó abẹ́lẹ̀ jìn tó mítà 120. Ní 2023, wọ́n sọ ọ́ di 500 níbi púpọ̀. Ukraine ní ẹ̀rọ kan tó ń ju okùn gígùn tí wọ́n rọ ohun abúgbàù sí lára sórí pápá náà. Bó bá bú, ó ń la nǹkan bíi mítà 100. Fún mítà 120, okùn kan àti díẹ̀ sí i ti tó. Fún 500, okùn márùn-ún ni, lójú ọ̀nà kan náà, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, nígbà tí ọ̀tá ti gbọ́ ìró àkọ́kọ́, tó sì ti mọ ibi tí wọ́n ń gbà bọ̀. Okùn náà kì í pa gbogbo àdó tán, nítorí náà táǹkì tó gbé rólà tàbí ohun ìtúlẹ̀ síwájú gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn ará Rọ́ṣíà wá ń to àdó TM-62, èyí tó ń fọ́ táǹkì, ní méjì lé ara wọn. Ohun abúgbàù inú ẹyọ kan ju kìlógíráàmù méje lọ. Méjì pọ̀ ń fọ́ rólà tí wọ́n ṣe láti fara da ẹyọ kan.

Ọ̀nà tí wọ́n là báyìí, tóóró ni. Ọkọ̀ ń tò tẹ̀ lé ara wọn bí ọkọ̀ tó ń gba ojú títì tí wọ́n ń tún ṣe. Bí àkọ́kọ́ bá kú sójú ọ̀nà, ẹni tó wà lẹ́yìn ní ohun mẹ́ta láti ṣe: kó dúró kí àgbá bá a, kó fẹ̀yìn rìn lu ẹni tó ń bọ̀, tàbí kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tẹ àdó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nítòsí Mala Tokmachka ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà nìyẹn, tí fọ́tò táǹkì Leopard 2 àti ọkọ̀ ogun Bradley tó kú jọ síbì kan fi kárí ayé. Bí wọ́n bá tilẹ̀ kọjá, rọ́kẹ́ẹ̀tì lè gbin àdó tuntun sẹ́yìn wọn, sórí ọ̀nà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Hẹlikópítà Ka-52 ti Rọ́ṣíà sì wà lókèèrè, níbi tí ìbọn kékeré ò lè dé, tó ń yìnbọn wọlé.

Fọ́tò yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ka òkú, àṣìṣe sì ni. Ọkọ̀ tó kú kì í ṣe èèyàn tó kú. Wọ́n ṣe Bradley kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ lè sá jáde bí àdó bá fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì sá jáde. Òdìkejì rẹ̀ tún burú jù. Lóṣù keje 2023, New York Times gbọ́ lẹ́nu àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti Yúróòpù pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ohun ìjà tó bàjẹ́ tàbí tó run tó ìdá 20 nínú 100 èyí tí wọ́n kó lọ sójú ogun, àti pé ó wá sọ̀ kalẹ̀ sí ìdá 10. Àwọn kan kí ara wọn kú oríire. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọmọ ogun díẹ̀díẹ̀ ló wá ń fẹsẹ̀ rìn, tí wọ́n ń ti ìlà igi ààlà oko kan bọ́ sí òmíràn. Ìṣirò irin sàn. Ìṣirò ẹran ara kò sí nínú ẹ̀.

Nípa òkú fúnra rẹ̀, ìtumọ̀ ni ìṣòro wa àkọ́kọ́. Òyìnbó ní ọ̀rọ̀ kan, casualties, tó da òkú, ẹni tó fara gbọgbẹ́, ẹni tí wọ́n mú àti àwátì pọ̀ sínú àpò kan. Tí wọ́n bá wá kà á lórí rédíò wa, "àwọn tó kú" ni yóò jáde lẹ́nu wọn. Ẹ wo nọ́ńbà 500,000 tó jáde lóṣù kẹjọ 2023 látẹnu àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà: ìhà méjèèjì ni wọ́n ṣírò pọ̀. Òkú Rọ́ṣíà tó wà nínú rẹ̀ tó 120,000, ti Ukraine sún mọ́ 70,000. Kò tó ìdajì. Ìyókù fara gbọgbẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè ẹni tó kà á. Gbogbo ẹni tó ń jà ló ń fi ìka mẹ́wàá ka òkú ọ̀tá, tó ń fi ìka kan ka tirẹ̀. Lóṣù kejì 2024, Zelensky, ààrẹ Ukraine, ní ọmọ ogun òun tó kú jẹ́ 31,000. Lóṣù kejìlá ọdún náà ó ní 43,000. Ẹ gbé 70,000 àwọn ará Amẹ́ríkà, tó ti jáde ṣáájú, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ara ohun tó ń mú ìyàtọ̀ wá ni àwátì: ẹni tí òkú rẹ̀ wà láàárín pápá àdó kì í wọ ìwé òkú títí wọn yóò fi rí i gbé. Nínú ọ̀rọ̀ kan náà, Zelensky mẹ́nu ba 370,000 ìgbà tí wọ́n tọ́jú ọgbẹ́, ó sì ṣàlàyé pé ọgbẹ́ kéékèèké àti ẹni tó gbọgbẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ wà níbẹ̀, pé bí ìdajì wọn ló padà sójú ogun. Ìgbà ìtọ́jú nìyẹn, kì í ṣe orí èèyàn.

Ọ̀nà tó ṣeé gbọ́kàn lé jù ni ti àwọn oníròyìn Mediazona àti BBC ti èdè Rọ́ṣíà, tí wọ́n ń ka orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú ìkéde òkú àti ibojì. Ilẹ̀ ni nọ́ńbà wọn, kì í ṣe òrùlé. Òkú kò lè kéré jù ú lọ. Mediazona àti Meduza, ilé iṣẹ́ ìròyìn Rọ́ṣíà mìíràn, tún fi ìwé ogún pínpín ṣe ìṣirò mìíràn, wọ́n sì rí i pé títí dé ìparí oṣù karùn-ún 2023, nǹkan bíi 47,000 ọkùnrin Rọ́ṣíà ló ti bá ogun lọ. Orúkọ tí wọ́n ti kà nígbà yẹn kò ju bí ìdajì rẹ̀ lọ.

Àwọn kan máa ń fi ìṣirò àtijọ́ sọ pé bí ọ̀kan bá kú, mẹ́ta á gbọgbẹ́. Ó dá lórí bí wọ́n ṣe tètè gbé ẹni náà kúrò. Okùn tí wọ́n fi ń dí ẹ̀jẹ̀ ní itan, bó bá ti kọjá wákàtí méjì, ewu ti wọ ẹsẹ̀ náà. Bó bá tó mẹ́fà, gígé ló sábà ń já sí. Níbi tí dróònù ti ń ṣọ́ ọ̀nà, òru ni wọ́n ń dúró dè kí wọ́n tó gbé aláìsàn. Ẹni tí ọta bá ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, ẹ ṣírò rẹ̀. Kò sí nínú òkú. Kò sì ní padà sí bìrìgédì rẹ̀.

Máàpù tún ń parọ́ nípa àkókò. Ogun àgbàpadà Kherson bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 29 oṣù kẹjọ 2022. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nínú oṣù méjì àti ààbọ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀dà kò fi bẹ́ẹ̀ sún, àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ sì ń kú nínú pápá gbalasa tí kò ní ibi ìsápamọ́. Iṣẹ́ gidi wà lórí afárá Antonivka, tí wọ́n ti ń fi rọ́kẹ́ẹ̀tì lù láti oṣù keje kí ọta má bàa kọjá odò Dnipro. Lọ́jọ́ 9 oṣù kọkànlá, Rọ́ṣíà kéde pé òun ń kó kúrò. Lọ́jọ́ 11, Ukraine wọ ìlú. Ẹni tó bá wo máàpù lọ́jọ́ yẹn nìkan á rò pé ọ̀fẹ́ ni.

Àwa náà ní tiwa nílé. "Ó le kú, ìjà Orè" ni àwọn àgbà ń sọ, Orè sì ni wọ́n ti dá Biafra dúró ní 1967 kí ìjọba àpapọ̀ tó yí padà gba Benin lóṣù kẹsàn-án. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni Owerri. Biafra dó ti bìrìgédì ìjọba tó wà níbẹ̀, ó sì gba ìlú náà padà lọ́jọ́ 25 oṣù kẹrin 1969. Ayọ̀ ńlá. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, Umuahia tó jẹ́ olú ìlú wọn ti bọ́. Lóṣù karùn-ún, Olusegun Obasanjo, ọmọ Òwu Abẹ́òkúta, gba ìdarí Third Marine Commando, ẹ̀ka ọmọ ogun ìjọba, lọ́wọ́ Benjamin Adekunle. Lóṣù kìíní 1970 Owerri padà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba, ogun sì parí. Biafra gba ìlú, kò rí oúnjẹ. Iye òkú ogun yẹn tí àwọn òpìtàn ń sọ bẹ̀rẹ̀ láti 500,000, ó dé mílíọ̀nù mẹ́ta, ebi ló sì pa èyí tó pọ̀ jù.

Ará ìlú kì í sí nínú ìṣirò ọmọ ogun, ẹ wá wọn lọ́tọ̀. Ní Asaba, lóṣù kẹwàá 1967, àwọn ará ìlú wọ aṣọ funfun, wọ́n ń jó, wọ́n ń kígbe "One Nigeria" láti kí ọmọ ogun ìjọba tó wọlé. Àwọn ọmọ ogun náà ya ọkùnrin sọ́tọ̀, wọ́n sì pa wọ́n. Ní Izium, òkú tó ju 400 ni wọ́n hú nínú igbó lẹ́yìn tí Ukraine gba ìlú padà. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé àgbàpadà ná wọn lẹ́mìí jù gbọ́dọ̀ wọn ohun tí àìgbàpadà ń ná àwọn tó wà lábẹ́ ọ̀tá.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é fúnra yín, ìwé kékeré kan ti tó: ọjọ́, ẹni tó sọ nọ́ńbà, òkú nìkan ni tàbí gbogbo àpò, ojú irin tàbí afárá tó wà níwájú, àti kìlómítà tó kù kí àgbá tó bá a. Kí ẹ sì padà ṣí i lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ti Robotyne, ẹ óò rí i pé kò tó 500 èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ kí ogun tó dé, àti pé lóṣù karùn-ún 2024, Rọ́ṣíà kéde pé òun ti gbà á padà. Ukraine ní irọ́ ni.