Igbó Ìkùukùu: Orí Òkè Ni Igi Wà, Pẹ̀tẹ́lẹ̀ Ni Ìkùukùu Ti Ń Wá

Láti ọdún 1972 ni wọ́n ti sọ igbó Monteverde ní orílẹ̀-èdè Costa Rica di igbó tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé. Ayùn kì í wọ ibẹ̀, màlúù kì í jẹko níbẹ̀. Síbẹ̀, àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ ibẹ̀ fi hàn pé láti àwọn ọdún 1970 ni ọjọ́ tí igbó náà kì í rí omi rárá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti ń pọ̀ sí i, tí wọ́n sì ń tẹ̀ léra wọn. Òfin lè dáàbò bo igi. Kò lè pàṣẹ fún ìkùukùu.

Igbó ìkùukùu yàtọ̀ sí igbó òjò. Kì í ṣe òkè orí rẹ̀ ni ìkùukùu ń gbà kọjá. Inú rẹ̀ ló ń wọ̀, tó ń rìn láàárín ẹ̀ka igi bí èéfín ṣe ń rìn nínú ilé ìdáná, tí ewé sì ń kán tótó nígbà tí òjò kankan kò rọ̀. Orí òkè Tilarán ni Monteverde wà, ní nǹkan bíi mítà 1,500 sí 1,800 sókè. Afẹ́fẹ́ tó ń gbé omi wá fún un máa ń ti Òkun Kàríbíà wọlé láti àríwá ìlà-oòrùn. Kó tó gun òkè, ó ní láti kọjá lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbọọrọ kan. Lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Afẹ́fẹ́ tó bá ń gòkè máa ń tutù ní nǹkan bíi díígírì 10 ní gbogbo mítà 1,000. Ìwọ̀n òtútù tí oru omi inú afẹ́fẹ́ ti ń di ìrì, ẹ jẹ́ ká pè é ní ààlà ìrì, òun náà ń wálẹ̀ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gòkè, ṣùgbọ́n díígírì 2 péré ni ní mítà 1,000. Àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì ń fi díígírì 8 dín kù ní mítà 1,000 kọ̀ọ̀kan, ìyẹn mítà 125 fún díígírì kan. Ibi tí àlàfo náà bá ti tán, ibẹ̀ ni ìsàlẹ̀ ìkùukùu wà.

Tí igbó bá bo pẹ̀tẹ́lẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ jẹ́ 28°C, tí ààlà ìrì sì jẹ́ 21°C, àlàfo jẹ́ díígírì 7: ìkùukùu yóò bẹ̀rẹ̀ ní bíi mítà 875 sókè. Wọ́n wá gé igbó náà, wọ́n sọ ibẹ̀ di pápá ìjẹko. Gbòǹgbò koríko kò jìn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, kò rí omi fà mọ́, nígbà tí gbòǹgbò igi ṣì ń fa omi láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Sísọ lítà omi kan di oru ń gba ooru tó ju ìlọ́po méje èyí tí a fi ń mú lítà omi kan láti 20°C dé ibi tó ti ń hó. Ooru oòrùn tí kò bá rí omi sọ di oru mọ́, ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ni yóò máa mú gbóná. Ká ní afẹ́fẹ́ wá di 30°C, tí ààlà ìrì sì já sí 20°C nítorí pé oru omi dín kù. Àlàfo ti di 10, ìkùukùu sì ti di ti mítà 1,250. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni gígé igbó ń na ìkùukùu: ó mú afẹ́fẹ́ gbóná, ó tún gba omi lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìṣirò yìí kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀, nítorí afẹ́fẹ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀ máa ń dàpọ̀ mọ́ ti òkun kó tó dé orí òkè. Ṣùgbọ́n ojú rí i. Ní 2001, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Robert Lawton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àwòrán sátẹ́láìtì jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ìkùukùu ṣù bo igbó tó ṣẹ́ kù lápá Nicaragua, orílẹ̀-èdè tó bá Costa Rica pààlà, ojú ọ̀run sì mọ́ lórí pápá tí wọ́n ti gé lápá Costa Rica. Afẹ́fẹ́ kan náà, òkun kan náà. Igi ló yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà dán an wò, ìkùukùu orí pápá ga ju ti orí igbó lọ.

Ọ̀nà kejì tí ìkùukùu ń gbà ga sókè ni òkun tó ń móoru. Bí òkun ṣe ń gbóná, afẹ́fẹ́ òkè ń gbóná ju ti ìsàlẹ̀ lọ, nítorí pé oru omi máa ń tú ooru tó gbé pamọ́ sílẹ̀ nígbà tó bá di ìkùukùu. Díígírì 1 tí ayé bá fi gbóná lè lé ibi tí ewéko kan ti ń gbádùn ara rẹ̀ sókè ní bíi mítà 170 sí 200. Òkè tí orí rẹ̀ kò ju mítà 1,800 lọ kò ní ibi púpọ̀ tí wọ́n lè sá sí, ilẹ̀ sì ń kéré sí i bí a ṣe ń sún mọ́ ṣóńṣó. Ẹyẹ toucan pẹ̀tẹ́lẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ tóbi gbàǹgbà, ti gòkè wá ń yé ẹyin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyẹ quetzal tó jẹ́ onílé lórí òkè. Tèmi ni pé ọ̀rọ̀ òkun yìí rọrùn láti pariwo lé lórí nítorí pé ẹni tó fà á jìnnà. Ti pẹ̀tẹ́lẹ̀ ṣòro láti sọ, nítorí aládùúgbò ló ni màlúù.

Wàyí o, báwo ni igi ṣe ń gba omi lára ìkùukùu? Àfòmọ́ ló ń ṣe é jù. Àfòmọ́ tí àwa mọ̀ lára kòkó àti obì, ẹ̀jẹ̀ igi ló ń mu, òun ni wọ́n ṣe ń sọ pé àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ló ń bá tan. Ti Monteverde yàtọ̀. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ jókòó lásán ni: mọ́ọ̀sì, ìyẹn ewéko kéékèèké tó máa ń bo èèpo igi, àti ewéko oríṣiríṣi tí ewé wọn ṣe bí ago, tí omi ń dúró sí. Wọ́n kì í fa nǹkan kan lára igi. Ìkùukùu ń lẹ̀ mọ́ wọn, ó ń di ẹ̀kán, ẹ̀kán ń bọ́ sílẹ̀. Ewé tó jẹrà láàárín wọn ń di ilẹ̀ lókè igi níbẹ̀, àwọn igi kan sì ń ta gbòǹgbò láti ara ẹ̀ka wọn wọ inú ilẹ̀ ọ̀hún. Nalini Nadkarni ló kọ̀wé nípa èyí ní 1981. Òun àti Rodrigo Solano tún kó àfòmọ́ pẹ̀lú ilẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí igi tí ìkùukùu pọ̀ níbẹ̀ lọ sórí igi ìsàlẹ̀ díẹ̀ tí ìkùukùu kò fi bẹ́ẹ̀ dé. Àwọn tí wọ́n kó lọ kú ju àwọn tó dúró sílé lọ, ewé wọn kò sì pẹ́ lára.

Koríko kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí afẹ́fẹ́ kì í yára nílẹ̀ bí ó ṣe ń yára lórí igi gíga, ewé koríko kò sì nípọn tó. Àmọ́ ẹni tó bá sọ pé odò máa gbẹ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gé igbó ìkùukùu ti sọ àsọdùn. Omi tí koríko ń mu kò tó ti igi, nítorí náà iye omi inú odò láti January dé December lè má yí padà púpọ̀. Ibi tó ti ń dun ni ni ẹ̀ẹ̀rùn: ẹ̀kán ìkùukùu ti tán, pàtákò màlúù ti tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ gbagidi, òjò tó rọ̀ ń ṣàn lọ dípò kó wọlẹ̀, odò kò sì ní ohun tí yóò fi ṣàn nígbà tí gbogbo ènìyàn ń wá omi.

Wíwọn omi ìkùukùu ni mo fẹ́ tẹnu mọ́, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Gbé ohun ìwọn òjò kan sí gbangba, kí igi tó sún mọ́ ọn jù jìnnà tó ó kéré tán ìlọ́po méjì gíga igi náà. Lábẹ́ igbó, gbé ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, kí o sì máa gbé wọn lọ síbòmíràn lẹ́yìn kíkà kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin kò tó, nítorí ẹ̀ka kan lè máa tú omi sójú kan bí ọ̀sọ̀rọ̀, kí ibi ìṣísẹ̀ méjì sí i sì gbẹ. Fi ọ̀pá rọ́bà tí o là ní ìdajì yí ara igi mélòó kan ká láti gba omi tó ń ṣàn lára wọn. Mílímítà kan jẹ́ lítà kan lórí mítà kan níbùú lóròó. Bí omi abẹ́ igbó pẹ̀lú èyí tó ṣàn lára igi bá ju òjò gbangba lọ, ìyókù jẹ́ ti ìkùukùu. Kódà iye náà kéré sí òótọ́, torí pé omi kan ti gbẹ lára ewé kó tó balẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni afẹ́fẹ́. Ìjì ń gbá òjò kọjá lẹ́nu ohun ìwọn tó wà ní gbangba, kò jẹ́ kó wọ inú rẹ̀. Òjò wá dà bíi pé ó kéré, a sì ka iyàtọ̀ náà fún ìkùukùu. Bí ilẹ̀ bá dagẹ̀rẹ̀, tí òjò ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ó tún burú sí i. Ewé tó jábọ́ ń dí ẹnu arọ. Àwọn mìíràn ń lo àwọ̀n: férémù mítà 1 sí mítà 1, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ga ní mítà 2 sílẹ̀, àwọ̀n Raschel (irú àwọ̀n ọ̀rá tí wọ́n fi ń ṣíji bo ewéko) tó ń dí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀, ìpele méjì, kí ó kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, pẹ̀lú gọ́tà lábẹ́ rẹ̀. Ó dára fún fífi òkè kan wé òkè mìíràn. Ṣùgbọ́n àwọ̀n kì í ṣe igi. Ẹni tó bá mú lítà àwọ̀n kan, tó wá fi hẹ́kítà igbó sọ ọ́ di púpọ̀, ti fi ọ̀rọ̀ ṣeré.

Ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ aláwọ̀ wúrà ti Monteverde, tí Jay Savage kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní 1966, kò ṣeé fò. Ní 1987, ó ju 1,500 lọ tí wọ́n rí níbi tí wọ́n ti ń gùn. Ní 1989, akọ kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà, òfo. Nínú oríṣi àkèré àti ọ̀pọ̀lọ́ 50 tó wà ládùúgbò náà, 20 ló pòórá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn di ẹ̀bi náà ru ayé tó ń gbóná nìkan. Àrùn chytrid tó ń jẹ awọ ọ̀pọ̀lọ́ wà nínú rẹ̀. Igi Monteverde kò sì ní òrùka ọdún tó ṣeé fojú kà, àmọ́ ní 2010 Kevin Anchukaitis àti Michael Evans wọn oríṣi oxygen inú pákó wọn, èyí tó ń fi ìgbà òjò àti ìgbà ọ̀dá hàn: wọn kò rí ọgọ́rùn-ún ọdún tó ń gbẹ lọ díẹ̀díẹ̀, ọ̀dá El Niño (ìgbà tí Òkun Pàsífíìkì bá gbóná, tó sì da ojú ọjọ́ rú) ti 1986 sí 1987 ni wọ́n rí. Èyí kò pa àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ rẹ́ lójú tèmi. Ọjọ́ gbígbẹ mẹ́wàá tó tẹ̀ léra ń pa ọ̀pọ̀lọ́, bí òjò tó rọ̀ lọ́dún náà tilẹ̀ pé.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ kò ṣàjèjì. Àwọn Quaker, ìjọ Kristẹni kan tí kì í jagun, tó ti Amẹ́ríkà dé ní 1951 láti sin màlúù fún wàràkàṣì fi apá kan igbó orí òkè sílẹ̀ nítorí omi wọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn àgbẹ̀ ń gbin ìlà igi láti fi dá afẹ́fẹ́ dúró lórí pápá. Ẹyẹ ń gba inú rẹ̀ kọjá láti igbó dé igbó. Igbó tí owó àwọn ọmọ iléèwé Sweden bẹ̀rẹ̀ ní 1987, tó ti lé ní hẹ́kítà 22,000 báyìí, ló wù mí jù, torí pé ó sọ̀ kalẹ̀ lápá Kàríbíà, níbi tí ìkùukùu ti ń gòkè bọ̀. Láti 1997 ni ìjọba sì ti ń fi owó orí epo ọkọ̀ san fún onílẹ̀ tó bá dá igbó rẹ̀ sí, igbó orílẹ̀-èdè náà sì ti ju ìdajì ilẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ àríwá, ọ̀pẹ̀ òyìnbó ti gba ilẹ̀ lọ rẹpẹtẹ. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó máa ń ti ihò ewé rẹ̀ lọ́sàn-án, òru ló ń ṣí i, kí omi rẹ̀ má bàa tán. Ìyẹn ni pé ní wákàtí tí oòrùn ń mú, tí afẹ́fẹ́ ń kọjá lọ sórí òkè, ewéko náà kì í fún un ní oru omi tó tó nǹkan.