Ẹ̀rọ ló ń ránni létí, èmi ni wọ́n ń bínú sí

Lóṣooṣù, èmi ni mo máa ń gba àkọsílẹ̀ ìnáwó ẹ̀ka 11 jọ níbi iṣẹ́ wa. Màá kọ ímeèlì, ẹni mẹ́ta á fèsì, àwọn tó kù á dákẹ́ bí ẹni tó bu omi sẹ́nu. Tó bá wá di ìparí oṣù, ẹni tó ń sin gbèsè kiri ni mo máa ń jọ.

Nígbà tó sú mi, mo ní kí ẹ̀rọ máa bá mi ṣe é. Mo to orúkọ gbogbo wọn sínú Google Sheets, mo sì fi Apps Script, irinṣẹ́ Google tí a fi ń kọ àṣẹ fún un, pàṣẹ fún un pé láràárọ̀, láàárín aago 8 sí 9, kó wo ẹni tí kò tíì fèsì, kó sì kọ̀wé sí i lórúkọ mi. Ènìyàn 100 lójúmọ́ ni àkáǹtì Google ọ̀fẹ́ lè kọ̀wé sí lọ́nà yìí, kí wá ni ti 11?

Ọjọ́ Ajé ni mo kọ lẹ́tà gan-an, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Èsì ń rọ́ wọlé, inú mi ń dùn. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá kan wá dúró ti tábìlì mi, fóònù lọ́wọ́.

"Ṣé o ò rí èyí tí mo fi ránṣẹ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni?"

Ó na fóònù sí mi. Lẹ́tà mẹ́rin tò tẹ̀lé ara wọn, ìkíni kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà, ẹ̀rọ ló ń fi í ránṣẹ́."

"Ẹ̀rọ náà ló ń jẹ́ orúkọ rẹ?"

Kò sí ohun tí mo lè sọ. Dípò kí ọ̀gá náà fèsì sábẹ́ lẹ́tà mi, wọ́n ṣí tuntun, wọ́n fún un ní àkọlé mìíràn, abẹ́ lẹ́tà tèmi nìkan ni ẹ̀rọ sì ń wò.

Láti ọjọ́ náà, èmi ni ẹ̀rọ ń rán létí. Ó ń kọ lẹ́tà sílẹ̀, àmọ́ kì í fi í ránṣẹ́. Màá yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀, màá yọ ẹni tó ti fèsì àti ẹni tó wà ní ìsinmi, kí n tó tẹ̀ ẹ́ lọ. Bí ẹ kò bá fẹ́ kọ àṣẹ kankan, láti 2018 ni Gmail ti ń gbé lẹ́tà tí ẹnìkan kò fèsì sí padà wá sókè, táá bi yín bóyá ẹ fẹ́ tún kọ. Outlook, ímeèlì ti Microsoft, náà ní àsíá tí ẹ lè fi sára lẹ́tà, kí ẹ sì fi ọjọ́ àti aago ìránnilétí sí i. Ká ní mo tètè mọ̀ ni, ibẹ̀ ni ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́tà mi fúnra rẹ̀ náà lẹ́bi. "Ẹ jọ̀ọ́, ní kíákíá" ni mo máa ń kọ. Ọjọ́ wo ló ń jẹ́ kíákíá? Nísinsìnyí, àkọlé ló ń sọ ọ́: "Ìnáwó ẹ̀ka yín, ṣáájú aago 12 ọ̀san Ọjọ́bọ̀." Mo sì ń kọ ọ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí lẹ́tà tí èèyàn 11 bá jọ gbà, kálukú ló gbà pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. Ìránnilétí méjì péré, lábẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́, kí wọ́n má bàa máa wá a kiri. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ń pè ni.

(Mo ti fi orúkọ ọ̀gá àgbà kún lẹ́tà ẹnìkan rí. Èsì dé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìkíni ẹni náà ló wá ń pẹ́ kó tó dé.)

Ọ̀gá ọjọ́ sí ṣì ń ṣí lẹ́tà tuntun títí dòní. Mo ti ní kí ẹ̀rọ máa wá orúkọ wọn káàkiri àpótí lẹ́tà mi. Lóṣù tó kọjá, ẹni méjì péré ni mo pè.