Ohun tí ata rodo kọ́ mi nípa ìmọ́lẹ̀ ní London

Ẹ̀yin àbúrò mi tí káńsù ṣẹ̀ṣẹ̀ yá ní ilẹ̀ oko ní London, ẹ kú oríire. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ ata rodo láti inú oko yín, ẹ má dúró de ìgbà ìrúwé. Láàárín ìparí oṣù Kìíní sí àárín oṣù Kejì ni kí irúgbìn ti wọlẹ̀, nínú ilé, nígbà tí ìrì dídì ṣì ń bo koríko níta. Ata rodo lọ́ra. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kó tó hù, ó sì tún fẹ́ oṣù púpọ̀ kó tó so, kó tó pọ́n. Bí ẹ bá pẹ́, òtútù oṣù Kẹwàá á bá a lórí igi ní tútù.

Nílé, bí àgbẹ̀ bá da irúgbìn ata sórí ebè kékeré, á fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ìbòji lé e lórí kí oòrùn má baà jó èéhù rẹ̀. Bí gbogbo wa ṣe bá a lọ́wọ́ àwọn àgbà nìyẹn, ó sì tọ̀nà níbẹ̀. Ní London, oòrùn gan-an ló wọ́n. Ojúmọ́ Ìbàdàn kì í jìnnà sí wákàtí 12 jálẹ̀ ọdún. Ní ìparí oṣù Kejìlá, ti London kì í pé 8. Nígbà tí oṣù Kejì bá fi wọlé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tó nǹkan bíi 9 ni, ìkùukùu sì máa ń bo púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nìyí: ooru ló ń jí irúgbìn, ìmọ́lẹ̀ ló ń tọ́ èéhù. Ilé wa móoru nígbà òtútù, nítorí náà irúgbìn á hù. Ẹ̀yìn tó bá hù tán ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Èéhù tó wà nínú ooru tí kò rí ìmọ́lẹ̀ tó á na ọrùn, á gùn tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá bíi ti ewé inú òkùnkùn, á sì tẹ̀ sí ọ̀nà fèrèsé. Àwọn kan á rò pé ebi ló ń pa á, wọ́n á bu ajílẹ̀ sí i. Ajílẹ̀ ò lè ṣe iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀.

Nítorí náà, kó tó hù, ẹ jẹ́ kí erùpẹ̀ rẹ̀ móoru tó ìwọ̀n 25 sí 30 Celsius. Ẹ lè gbé e sórí pẹpẹ oníná tí wọ́n ń tà fún irúgbìn, kí ẹ fi ọ̀rá bò ó. Lọ́jọ́ tí ẹ bá rí ewé àkọ́kọ́, ẹ ṣí ọ̀rá náà, ẹ gbé e kúrò lórí ooru, ẹ gbé e sábẹ́ iná LED funfun. Kí iná náà sún mọ́ orí rẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ máa gbé e sókè bí ó bá ṣe ń dàgbà. Ẹ tàn án fún wákàtí 14 sí 16 lójúmọ́, kí ẹ pa á lóru. Èmi ò fọwọ́ sí ojú fèrèsé nìkan kí oṣù Kẹta tó dé, àfi bí fèrèsé yín bá kọjú sí gúúsù gbangba.

Omi tún ni nǹkan mìíràn. Àrùn kan wà nínú ilẹ̀ tó ń jẹ ìdí èéhù: ìdí rẹ̀ á rọ̀, á tín-ín-rín, á ṣubú lulẹ̀ mọ́jú. Kò lóògùn. Ẹ fi ọṣẹ fọ ike tí ẹ ti lò rí, ẹ máa bu omi sí abẹ́ àwo kí erùpẹ̀ fà á mu fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ síbẹ̀.

Ata tí ẹ rà ní ọjà Peckham tàbí ti Ridley Road ní London lè fún yín ní irúgbìn, bó bá ti pọ́n dáadáa. Ẹ fi èyí tó ṣì tutù sílẹ̀, nítorí irúgbìn inú rẹ̀ lè má tíì gbó.

Tòmátì kò fẹ́ ìkánjú bẹ́ẹ̀; àárín oṣù Kẹta tó fún un. Bí ẹ bá ń lọ́ ọ sínú ike ńlá, ẹ rì í dé ìdí ewé àkọ́kọ́, igi rẹ̀ á ta gbòǹgbò. Ewé ni kí ẹ fi ọwọ́ dì mú, kì í ṣe igi. Ilá kò fẹ́ kí wọ́n dààmú gbòǹgbò rẹ̀, nítorí náà kí kálukú ní ike tirẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹrin. Èpo irúgbìn ewédú le. Ẹ fi aṣọ di í, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ẹ yára gbé e sínú omi tútù.

Ẹ má gbé ọ̀gbìn jáde lọ gbìn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Oòrùn tí ọ̀gbìn náà kò rí rí lè mú ewé rẹ̀ funfun, afẹ́fẹ́ sì lè ṣẹ́ ẹ. Wákàtí 1 tàbí 2 níbi ìbòji lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ máa fi kún un fún ọjọ́ 7 sí 14, kí ẹ gbé e wọlé lálẹ́ tí ooru bá lọ sábẹ́ ìwọ̀n 10 Celsius. Ní gúúsù England, ìrì dídì ṣì lè bọ̀ títí di àárín oṣù Karùn-ún, torí náà ìparí oṣù Karùn-ún sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ni ata ń wọ oko. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Scotland, ẹ fi bí ọ̀sẹ̀ 2 kún un, bí ẹ bá sì rí ilé onígíláàsì yá, inú rẹ̀ ni kí ẹ fi ata sí títí tí yóò fi so.