Pépà Aago Mẹ́ta Òru

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú ní London. Mo máa ń lọ láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn, màá yọjú lójú gíláàsì kékeré tó wà lára rẹ̀, màá dúró títí màá fi rí i pé aṣọ tó bo àyà aláìsàn ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màá kọ aago sínú pépà, màá sì buwọ́ lù ú. Àwọn kan, wákàtí wákàtí. Àwọn mìíràn, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ní ilé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, mo gba pépà lọ́wọ́ ẹni tí mo fẹ́ rọ́pò ní aago mẹ́ta òru. Ó ti buwọ́ lu ti aago mẹ́ta ààbọ̀ sílẹ̀. Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni, ó sì jù mí lọ dáadáa. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, aago yìí ò tíì lù." Ó ní, "Àbúrò mi, àwa méjì là ń ṣe iṣẹ́ èèyàn mẹ́rin. Wo ẹsẹ̀ mi." Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú lóòótọ́. Mo dákẹ́.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan kú ní wọ́ọ̀dù yẹn. Pépà sọ pé ó ń sùn, ó ń mí, títí di òwúrọ̀. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ kàn án, ara rẹ̀ ti tutù.

Ẹni tí wọ́n bá fi òfin Mental Health Act ti 1983 tì mọ́ wọ́ọ̀dù, tí a máa ń sọ pé "wọ́n ti section ẹ̀", kò lè dìde kó máa lọ sílé. Bó bá kú, ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ fi tó Care Quality Commission, àjọ tó ń ṣọ́ ilé ìwòsàn, létí, coroner, ìyẹn aláṣẹ tó ń wádìí ohun tó pa èèyàn, sì gbọ́dọ̀ wádìí rẹ̀. Bí kò bá jẹ́ àmúwá Ọlọ́run, tàbí tí wọn kò mọ ohun tó pa á, wọ́n á pe àwọn ará ìlú wá jókòó bíi jury. Ìyẹn dára. Ohun tó ń dùn mí ni èyí tó ń ṣẹlẹ̀ kí coroner tó jókòó. Bí ẹlẹ́wọ̀n bá kú, Prisons and Probation Ombudsman, tí kì í ṣe ara ọgbà ẹ̀wọ̀n, ló ń wá wádìí. Bó bá jẹ́ àtìmọ́lé ọlọ́pàá, IOPC, àjọ tó ń wádìí ọlọ́pàá, ni. Ní wọ́ọ̀dù wa, Trust, ìyẹn àjọ NHS tó ni ilé ìwòsàn, ló sábà máa ń wádìí ara rẹ̀.

Orúkọ kan wà tó yẹ kí gbogbo Yorùbá ìlú yìí mọ̀: Ọláṣeni Lewis. Ọmọ ọdún 23 ni. Ní 2010, ẹbí rẹ̀ fúnra wọn ló bá a wá ìtọ́jú. Ní Bethlem Royal Hospital, ilé ìwòsàn ọpọlọ kan ní London, ọlọ́pàá 11 dì í mọ́lẹ̀, ó dákú, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ó di 2017 kí jury tó sọ pé agbára tí wọ́n lò fún un ti pọ̀ jù. Ìjà àwọn òbí rẹ̀, Aji àti Conrad, ló bí òfin 2018 tí wọ́n ń pè ní Seni's Law: ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ máa kọ gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi agbára mú aláìsàn sílẹ̀, ọlọ́pàá tí wọ́n bá sì pè wá gbọ́dọ̀ gbé kámẹ́rà sára níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Nígbà tí wọ́n ń dá wa lẹ́kọ̀ọ́ lórí rẹ̀, èmi nìkan ló pe orúkọ ọmọ náà bó ṣe yẹ.

Ní Essex, ikú àwọn aláìsàn ọpọlọ tó ju 2,000 lọ ni Lampard Inquiry, ìwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀, ń wádìí, láti 2000 títí dé 2023. Nígbà tí ìwádìí náà kò tíì ní agbára òfin, òṣìṣẹ́ bí 14,000 ni wọ́n kọ̀wé sí. 11 péré ló gbà láti wá jẹ́rìí. Ẹ má yára bú àwọn tó kù. Ọ̀pọ̀ wa, ilé iṣẹ́ tó yẹ ká sọ̀rọ̀ rẹ̀ náà ni físà wa so mọ́.

Èmi náà bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n màmá ọmọkùnrin yẹn wá sí wọ́ọ̀dù láti kó ẹrù rẹ̀: bàtà kan, ṣájà fóònù, Bíbélì kékeré. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ibà ló sọ pé ó pa á. Ó di ọwọ́ mi mú. "Ọmọ mi, ṣé ẹnì kan wò ó lóru?" Mo ní, "Mọ́mì, ẹ máà bi mí. Ẹ bi coroner. Ẹ ní kí wọ́n mú pépà wá, kí wọ́n sì mú kámẹ́rà ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá pẹ̀lú." Lọ́sẹ̀ yẹn, mo kọ ohun tí mo mọ̀ nípa pépà aago mẹ́ta, mo buwọ́ lù ú.

Kámẹ́rà kò rí ẹnikẹ́ni lọ́dẹ̀dẹ̀ yẹn fún wákàtí mẹ́ta.

Bí irú rẹ̀ bá kàn yín, ẹ tètè kọ̀wé béèrè fún kámẹ́rà, nítorí wọn kì í fi í pamọ́ pẹ́. Ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ INQUEST, tó ń ran ẹbí lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó bá ilé ìwòsàn jókòó.